Mọ́fíìnì Olómi Nílé: Fún Ẹni Tó Ń Tọ́jú Aláìsàn Jẹjẹrẹ

Ìwé yìí wà fún ará ilé tó ń tọ́jú ẹni tí jẹjẹrẹ ń fìyà jẹ, ì báà jẹ́ ní Ìsàlẹ̀ Èkó tàbí ní Múṣin, tí dókítà sì ti kọ mọ́fíìnì olómi fún, ìyẹn oògùn mímu tó lágbára fún ìrora líle. Ìyá ń kérora ní yàrá, ìgò oògùn wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Ẹ̀rù ló ń ba ará ilé, pé á di bárakú tàbí pé á pa á.

Ẹ̀rù náà nídìí. Èkó ti fojú rí ohun tí támádọ̀ọ̀lù àti kódíìnì fi àwọn ọ̀dọ́ ṣe. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2018 ni ìjọba àpapọ̀ fòfin de ṣíṣe omi ikọ́ oníkódíìnì àti kíkó o wọ ìlú. Ìdílé kan náà ni mọ́fíìnì ti wá, a ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí oògùn ti di bárakú fún ń wá a kiri kódà bó ṣe ń ba ayé ẹ̀ jẹ́. Aláìsàn ń lò ó kó lè sùn, kó jẹun, kó sì lè jókòó kí àlejò. Lóòótọ́, bí ara bá ti mọ̀ ọ́n lára tí ẹ sì dá a dúró lójijì, òógùn, imú ṣíṣàn àti inú rírun lè dé. Ìyẹn kì í ṣe bárakú. Dókítà á máa dín in kù díẹ̀díẹ̀ ni. Bí aláìsàn bá ti ń mugbó tàbí ọtí líle tẹ́lẹ̀, ẹ sọ ọ́. Kò ní torí ẹ̀ pàdánù ìtọ́jú, wọn á kàn máa ṣọ́ ọ dáadáa.

Àwọn kan ní “bí wọ́n bá ti fún un ní mọ́fíìnì, ó parí nìyẹn.” Fífi oògùn náà sílẹ̀ títí di ọjọ́ ìkẹyìn ló sọ ọ́ di oògùn ikú lójú àdúgbò. Ìgbà tí ìrora bá ti le ló yẹ kí á bẹ̀rẹ̀. Kò sídìí láti fi pamọ́ de ìgbà tó bá le jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí dókítà lè gbé iye ẹ̀ sókè nígbàkigbà.

Ẹ ka ara ìgò kí ẹ tó wọn ohunkóhun. Ìgò kan lè jẹ́ 5 mg (ìwọ̀n oògùn) nínú 5 ml (ìwọ̀n omi), òmíràn 10 mg nínú 5 ml. Bí dókítà bá kọ 5 mg, 5 ml ni nínú ìgò àkọ́kọ́, 2.5 ml péré ni nínú èkejì. Ibi tí àṣìṣe ti ń wọlé gan-an nìyí: ìgò tuntun dé, ará ilé ń wọ̀n ọ́n bíi ti àná. Sírínjì tí kò ní abẹ́rẹ́ ni kí ẹ lò. Ṣíbí ìdáná kò dọ́gba.

Agbára ẹ̀ kì í ju bíi wákàtí 4 lọ. Aago ni kí ẹ máa wò, kì í ṣe ojú aláìsàn: 6 àárọ̀, 10 àárọ̀, 2 ọ̀sán, 6 ìrọ̀lẹ́, 10 alẹ́, 2 òru. Bí dókítà bá gbà, ti 10 alẹ́ lè jẹ́ ìlọ́po méjì, kí ẹnikẹ́ni má baà jí ní 2 òru. Ìrora tó bá ti gbilẹ̀ kì í tètè gbọ́ oògùn. Bó bá bẹ́ láàárín, ẹ fún un ní àfikún tí dókítà kọ, ẹ kọ aago ẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ má sì fo èyí tó kàn. Àfikún tó bá ju 2 tàbí 3 lọ lóòjọ́ fi hàn pé iye ojoojúmọ́ kò tó. Ẹ pe dókítà, ẹ má dá a gbé sókè fúnra yín.

Ẹni tó ń lo 5 ml lẹ́ẹ̀mẹ́fà lóòjọ́ ń lo 30 ml. Ìgò 200 ml kò lè pé ọ̀sẹ̀ kan. Kì í ṣe gbogbo ilé oògùn ló ń tà á, nítorí náà ẹ lọ gba òmíràn nígbà tó bá ku ti ọjọ́ 3. Bí ẹ bá ń gbé aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn LUTH ní Ìdí-Àràbà, ẹ mú ìgò àti sírínjì dání. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ orí afárá Third Mainland kò mọ̀ pé 2 ọ̀sán ti lù.

Èébì àti oorun sábà máa ń wá ní ọjọ́ díẹ̀ àkọ́kọ́, wọ́n á sì lọ. Oorun ọ̀hún tilẹ̀ lè jẹ́ gbèsè òru tí ìrora ti jẹ ẹ́. Àìríyàgbẹ́ ni kì í lọ, òun ló sì ń mú ọ̀pọ̀ èèyàn ju ìgò náà sílẹ̀. Láti ọjọ́ kìíní ni kí ẹ ti béèrè oògùn tó ń mú ìgbẹ́ rọ̀, bíi bisacodyl tàbí senna. Omi àti ìbẹ́pẹ ń ṣèrànwọ́, ṣùgbọ́n wọn ò tó. Bí kò bá yàgbẹ́ fún ọjọ́ 3, ẹ pe ilé ìwòsàn. Àgbo jẹ̀dí tí wọ́n fi ògógóró ṣe, ẹ gbàgbé ẹ̀: ọtí àti mọ́fíìnì jọ ń pa èémí kú ni, bẹ́ẹ̀ náà sì ni oògùn oorun.

Bí aláìsàn kò bá ṣeé jí, tí èémí ẹ̀ kò tó 8 láàárín ìṣẹ́jú kan, tí ọmọ-ojú ẹ̀ (ojú dúdú tó wà láàárín ẹyinjú) sì kéré bí ojú abẹ́rẹ́, ẹ má fún un ní oògùn mọ́, ẹ sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹni tí kíndìnrín ẹ̀ kò ṣiṣẹ́ dáadáa, tàbí tí ìtọ̀ ẹ̀ ń dín kù, ló tètè ń bọ́ sínú ewu yìí; ẹ sọ fún dókítà kó tó di wàhálà.

Ẹ ti ìgò náà mọ́ ibi tí oòrùn àti ọwọ́ ọmọdé kò lè dé. Bó bá ṣẹ́ kù, ẹ dá a padà sí ibi tí ẹ ti gbà á. Ẹ má fi ta aládùúgbò lọ́rẹ, bó ti wù kí ẹ̀yìn máa ro ó tó.