Àṣìṣe tí ẹ̀yin ará òkè òkun ń ṣe bí ẹ bá wálé wá jẹun

Oúnjẹ sísè ni iṣẹ́ mi, Ìbàdàn ni mo sì ti ń ṣe é. Bí oṣù Kọkànlá bá ti ń lọ sópin, fóònù mi kì í sinmi mọ́: "Ìyá alásè, àwọn ọmọ wa ń bọ̀ láti London o, ẹ wá bá wa dáná." Owó yẹn dùn mọ́ mi, mi ò ní parọ́. Àmọ́ ìnákúnàá tí mo ń fojú rí nínú ilé àwọn èèyàn lásìkò Kérésì ti sú mi. Owó tí ẹ fi òógùn ojú wá nínú òtútù ni ẹ ń fi ṣòfò, ẹ ó sì padà lọ láìjẹ ohun tí ẹ tìtorí ẹ̀ wálé. Bí ọ̀rọ̀ mi bá kan yín, ẹ má bínú. Bí ẹ bá sì máa bínú, ẹ jẹun ná.

Mi ò ní kọ́ ẹnikẹ́ni bí wọ́n ṣe ń bu òkèlè. Ẹ mọ ìyẹn.

Àkọ́kọ́, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ jẹ gbogbo ẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Èyí ló ń dùn mí jù, torí náà mo máa pẹ́ lórí ẹ̀. Èèyàn á bọ́ sílẹ̀ nínú bàálù lálẹ́, nígbà tílẹ̀ bá mọ́, ó ti ní kí wọ́n gún iyán, kí wọ́n ro àmàlà, kí wọ́n se ìkọ́kọrẹ́ torí pé ọmọ Ìjẹ̀bú ni ìyàwó rẹ̀, kí wọ́n se òfadà, kí wọ́n wá dín dòdò lé e. Fún ogún èèyàn. Lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ní ọjọ́ ti pẹ́ tí ọ̀fun òun ti ń dá tòló.

Mo gbọ́, ṣùgbọ́n òkèlè kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Iyán tó bá kúrò nínú odó, kò pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í le. Ẹ lè dì í sínú ọ̀rá kí ẹ kó o sínú kúlà, yóò fara dà á díẹ̀ sí i, àmọ́ ooru ara rẹ̀ á máa di omi nínú ọ̀rá náà, ara iyán á wá máa yọ̀ mọ́ yín lọ́wọ́. Àmàlà sàn jù ú lọ, kò sì sàn tó bí ẹ ṣe rò. Gbẹ̀gìrì ló burú jù nínú gbogbo wọn. Ẹ̀wà tí wọ́n bó, tí wọ́n sè, tí wọ́n sẹ́ ni. Bí wọ́n bá gbé e kalẹ̀ láàárọ̀ tí ooru sì mú, ó lè ti kan kí ilẹ̀ tó ṣú. Ewédú tí wọ́n bá ń gbé kaná léraléra á ṣomi, kò ní fà mọ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ta àmàlà fi ń rò ó díẹ̀díẹ̀ bí àwọn oníbàárà ṣe ń wọlé, tí ẹ bá sì dé ọ̀dọ̀ wọn ní ìrọ̀lẹ́, ìkòkò tí wọ́n ti ń fọ̀ lẹ máa bá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ilé kan ní apá Bódìjà. Láti Manchester ni ọ̀gá náà ti wá, ọmọlúàbí ni, kì í sì í ṣe ahun. Mo ní, "Ọ̀gá mi, ẹ jẹ́ ká gún iyán lónìí, ká ro àmàlà lọ́tùn-únla." Ó ní, "Ìyá alásè, ẹ sáà ṣe é, gbogbo ẹ̀ ni mo fẹ́ rí lórí tábìlì." Owó rẹ̀ ni, a gbé odó kalẹ̀. Aago kan ni wọ́n ní àlejò máa dé. Aago kan lù, a ò rí ẹnì kankan. Aago méjì lù, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan pè pé àwọn ṣì wà lóde ìsìnkú, pé wọn ò tíì gbé oúnjẹ kalẹ̀ fún àwọn níbẹ̀. Ìgbà tí ọkọ̀ àkọ́kọ́ fi máa wọlé, aago mẹ́rin ti kọjá, inú gbogbo àwọn tó wà nínú ọkọ̀ náà sì ti kún fún jọ̀lọ́ọ̀fù. Ọmọ ọ̀gá, tí kò jẹ iyán rí láyé rẹ̀, na ìka síwájú, ó kan iyán náà kó-kó-kó, ó wá wo ojú bàbá rẹ̀.

Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ò lè jẹ kọjá òkèlè mẹ́ta. Ó ti jẹ súyà lóru ọjọ́ tó dé, ó ti mu zobo oníyìnyín lójú ọ̀nà, ikùn rẹ̀ ti ń kùn. Ìyá rẹ̀, tí wọ́n tìtorí ẹ̀ pe gbogbo wa jọ, ní ẹ̀kọ gbígbóná àti mọ́ínmọ́ín lòun fẹ́, kò sì sí ẹni tó rántí mọ́ínmọ́ín. Àwọn ọmọ àdúgbò ló jẹ èyí tó pọ̀ jù. Àwa alásè náà ò kẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá rí bí mo ṣe rí á mọ̀ pé oúnjẹ kì í ṣòfò níbi tí mo bá wà. Lọ́jọ́ kejì, ìgbẹ́ gbuuru dá ọ̀gá dùbúlẹ̀, ó wá ń sọ fún gbogbo mọ̀lẹ́bí pé ata mi ni. Ata mi! Súyà òru ń gbọ́, zobo ń gbọ́.

Ẹ gbọ́ bó ṣe yẹ kó rí. Ọjọ́ tí ẹ bá dé, ẹ fi ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín, tàbí ìrẹsì àti ọbẹ̀ tí kò ta jù, kí ikùn yín káàbọ̀. Lẹ́yìn náà, oríṣi òkèlè kan lóòjọ́ ti tó. Ọbẹ̀ lẹ lè sè sílẹ̀: ọbẹ̀ ata àti ayamáṣe tiẹ̀ máa ń dùn sí i lọ́jọ́ kejì. Ẹ̀fọ́ rírò náà, ẹ din ata rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ má tíì da ẹ̀fọ́ sí i títí di ọjọ́ tí ẹ máa jẹ ẹ́. Iyán ní tirẹ̀, ẹni tó máa jẹ ẹ́ ni kó kọ́kọ́ jókòó, kó fọwọ́, kí odó tó dún.

Èkejì, lílé ìyá yín kúrò nídìí iná. Owó ara mi ni mò ń lé dànù bí mo ṣe ń sọ èyí. Ọmọ á ti Houston dé, á ní, "Mọ́mì, ẹ lọ jókòó, mo ti pe alásè." Mo ti débi kan tí Mọ́mì kọ̀ tí wọn ò jókòó. Wọ́n gbé àpótí wọn wá sí kíṣìnnì, wọ́n ń wò mí. Mo mú irú wóró jáde. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n tú ọ̀rá rẹ̀, wọ́n mú ẹyọ kan sáàárín ìka méjì, wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n ní, "Wọn ò fọ èyí mọ́." Wọ́n bu omi sínú abọ́ funfun, wọ́n rọra fi ọwọ́ rú u, wọ́n da omi rẹ̀ nù, wọ́n tún bu òmíràn. Ìgbà tí wọ́n fi máa fọ̀ ọ́ tán, iyanrìn ti jókòó sí ìsàlẹ̀ abọ́. Mi ò lè wí nǹkan kan. Bí ọmọ wọn ṣe wọlé nìyẹn: "Mọ́mì, ṣebí mo ní kí ẹ sinmi?" Wọ́n sinmi lóòótọ́, wọn ò sì tún bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ẹ gba ẹni tó máa gúnyán, tó máa fọ ìkòkò, tó máa gbé ohun tó wúwo. Ọbẹ̀, ẹ jẹ́ kí ìyá yín fọwọ́ sí i. Ṣebí ọbẹ̀ wọn lẹ ń pariwo lórí fóònù látọdún tó kọjá?

Bẹ́ẹ̀ náà ni kíkó gbogbo ilé lọ sí ilé oúnjẹ olówó ńlá l'Ékòó láìbi Màmá bóyá wọ́n fẹ́. Wọn ò fẹ́.

Ẹ̀kẹta, ẹ mọ àsìkò. Wọn kì í wá àgbàdo tútù àti àgbọn nínú oṣù Kejìlá, ìgbà òjò ni wọ́n ń jẹ ẹ́. Àgbálùmọ̀ ló ń bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ọjà lásìkò Kérésì, ìyẹn ni kí ẹ jẹ. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń wálé ní oṣù Keje, iṣu tuntun ti ń jáde lóòótọ́, ó sì dùn ní sísè, àmọ́ omi ṣì pọ̀ nínú rẹ̀, iyán rẹ̀ kì í dúró. Ẹ fi epo jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, oúnjẹ ìlú tí ẹ bá wà ni kí ẹ jẹ. Ẹ dé Adó-Èkìtì, ẹ ń wá àmàlà tí ẹ ó fi wé ti Ìbàdàn! Iyán ni wọ́n mọ̀ níbẹ̀. Abẹ́òkúta, ẹ jẹ láfún. Ẹ kọjá ní Ìkirè, ẹ dúró ra dòdò. Ìkọ́kọrẹ́, ẹ jẹ ẹ́ lọ́dọ̀ Ìjẹ̀bú tó mọ bí wọ́n ṣe ń rin ewùrà.

Èyí tó kàn, mi ò ka iye mọ́: èlùbọ́ tí ẹ ń rà lọ́jọ́ tí ẹ ń lọ sí pápákọ̀ òfuurufú. Ẹ ra á lójú fèrèsé ọkọ̀, ẹ ò gbóòórùn rẹ̀, ẹ ò fọwọ́ kàn án, tó bá wá yá, ẹ ó máa pè mí láti Toronto pé àmàlà yín ń fà bíi gọ́ọ̀mù. Ṣé èmi ni mo tà á fún yín? Wọ́n ti po láfún mọ́ ọn ni. Pákí ò wọ́n tó iṣu, ẹni tó bá fẹ́ jèrè òjijì á pa méjèèjì pọ̀. Bí ẹ bá ní ọjọ́ mélòó kan, ẹ ra gbodo, iṣu gbígbẹ tí wọn ò tíì lọ̀, ìyẹn lẹ máa fojú ara yín rí. Ẹ ṣẹ́ ọ̀kan: bó bá dún kán, ó ti gbẹ, bí ara rẹ̀ bá ti bu, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ gbé e lọ sí ẹ̀rọ, kí ẹ dúró tì í, kí wọ́n má baà lọ̀ ọ́ lé àgbàdo ẹlòmíràn. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ kó tutù pátápátá kí ẹ tó dì í, torí èlùbọ́ tí wọ́n dì ní gbígbóná kì í pẹ́ kó tó bu. Bí ẹ ò bá ráyè ẹ̀rọ, ẹ ra kóńgò kan, ẹ rò ó jẹ nílé, bó bá dára, ẹ padà lọ ra èyí tó pọ̀ lọ́wọ́ ẹni kan náà.

Òfadà ńkọ́? Kì í ṣe gbogbo ìrẹsì tí wọ́n bá dì sínú ewé ni òfadà. Èyí tó ń jẹ́ orúkọ ìlú Òfadà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn ní ìlà pupa lára, ó ní òórùn tirẹ̀, ẹ sì gbọ́dọ̀ ṣà á torí òkúta. Bí ẹ bá fẹ́ kọ́ ayamáṣe kí ẹ tó padà, àgbàlá ni kí ẹ ti kọ́ ọ; èéfín epo tí wọ́n ń yọ́ kì í ṣe ohun tí fúláàtì London lè gbà.

Ẹ̀wà: ní 2015, àwọn ará Yúróòpù dá ẹ̀wà gbígbẹ tó ń ti Nàìjíríà lọ dúró nítorí dichlorvos, oògùn apakòkòrò tí wọ́n ń bá nínú rẹ̀. Torí náà, nígbà tí ẹ bá ń rà á, ẹ fi imú sí i dáadáa. Ẹ̀wà tí kòkòrò ti jẹ díẹ̀, a lè fẹ́ ẹ, a lè ṣà á. Oògùn ò ṣeé ṣà.

Ẹran, pọ̀nmọ́, kílíṣí, wàrà: ẹ má kó wọn lọ sí Ìlú Ọba. Òfin wọn ò gba ẹran tàbí ohun tí wọ́n fi wàrà ṣe láti ọ̀dọ̀ wa, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ yín, wọ́n á sọ ọ́ nù, gbogbo owó tí ẹ san sórí ẹrù náà á sì gbé. Ẹja gbígbẹ ni wọ́n gbà, bí kò bá ti ju 20 kìlógíráàmù lọ. Amẹ́ríkà náà ò fẹ́ ẹran yín.

Ẹ bu ọbẹ̀ àwọn ọmọ kúrò kí rodo tó wọ ìkòkò.

Ẹ ya fọ́tò kan, kí ẹ jẹun. Kan ṣoṣo.

Ẹ má sì bá wa lọ sí ọjà Bódìjà pẹ̀lú ahọ́n òkè òkun yẹn. Ẹ dúró sílé, ẹ rán ẹ̀gbọ́n yín. Mo ti wà níbẹ̀ rí tí ẹnì kan ń pariwo létí ìyá aláta pé, "Ṣé kò tiẹ̀ tó pọ́n-ùn mẹ́ta?" Ẹ̀yin ti padà sí London, àwa la wà níbí tí ìyá náà ò fẹ́ já nǹkan kan fún mọ́.

Owó oúnjẹ, ẹ fi ránṣẹ́ nínú oṣù Kọkànlá. Bó bá ti ku ọjọ́ díẹ̀ kí Kérésì dé, adìẹ ti gbówó lórí, ata ti gbówó lórí, ẹ ó wá máa bi mí ìdí tí iye tí mo pè fi yí padà. Gáàsì ò sí nínú iye tí mo ń pè. Kí n tó dé, ẹ ní kí ẹnì kan gbé sílíńdà wò bóyá nǹkan wà nínú rẹ̀, torí ó ti tán mọ́ mi lọ́wọ́ rí nígbà tí gbẹ̀gìrì wà lórí iná. Ọmọ tí wọ́n rán lọ kún un bá ìlà ní ibùdó gáàsì, ó tò títí. Èédú la padà dá, mi ò sì ní ìfẹ́fẹ́ lọ́wọ́, bébà ìwé ìpè ìgbéyàwó kan ni mo fi ń fẹ́ ẹ.