Ẹ má ju rédíò tí antẹ́nà ẹ̀ ti kán nù

Ẹ káàárọ̀ o ẹ̀yin ará wa, tí antẹ́nà rédíò yín bá ti kán, wáyà iná lásán ti tó, àmọ́ gígùn ẹ̀ ló ṣe kókó, ẹ má kàn gé e bó ṣe wù yín. Nọ́ńbà tí wọ́n máa ń pè yẹn, bíi 105.5 ti Splash FM n'Íbàdàn níbí, ìgbì rédíò tó ń gbé ohùn wọn wá ń mì ní ìgbà mílíọ̀nù 105.5 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ni, eré tó sì ń sá ò yàtọ̀ sí ti ìmọ́lẹ̀, ìyẹn bíi mítà mílíọ̀nù 300 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, torí náà tẹ́ ẹ bá fi nọ́ńbà yẹn pín 300, ẹ máa rí gígùn ìgbì kan, bíi mítà 2.84. Ìdá kan nínú mẹ́rin ẹ̀ lẹ máa gé, ìyẹn sẹ̀ńtímítà 71. Ti Premier FM 93.5 máa tó 80, torí bí nọ́ńbà bá ṣe ń kéré sí i ni ìgbì ń gùn sí i.

Lánàá mo ṣe é fún màmá mi ní Mọ́kọ́lá, mo fi ọ̀bẹ bó ẹnu wáyà, mo lọ́ bàbà ẹ̀ mọ́ ìdí antẹ́nà tó kù, mo wá gbé e kọ́ sójú wíńdò kó nà gbọọrọ, bí ariwo ṣàà yẹn ṣe lọ nìyẹn! Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má jẹ́ kó sún mọ́ wáyà iná ìta o, tí àrá bá sì ń sán, ẹ yọ ọ́.