Àwọn àṣìṣe tí àlejò máa ń ṣe ní abúlé Rhun, ní erékùṣù Banda

Kí ẹnikẹ́ni tó dé Rhun ni yóò ti gbọ́ ìtàn rẹ̀: pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì yọ̀ǹda erékùṣù kékeré yìí fún àwọn ará Họ́láńdì, Manhattan, tó wà nínú New York lónìí, sì dúró sí ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Òótọ́ ni. Àdéhùn Breda, ọdún 1667, ló fi òǹtẹ̀ lù ú. Àlejò á wá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi, á wo àwọn ilé onípáànù àti adìẹ tó ń tan ilẹ̀, á pariwo lójú onílé pé, "Ṣé ibí yìí náà ni wọ́n fi pààrọ̀ New York?" Èmi náà sọ ọ́. Bàbá tó gba ẹrù lọ́wọ́ mi rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní ṣé mo ti jẹun. Ìrọ̀lẹ́ ni mo tó mọ̀ pé gbogbo àlejò ló ń sọ ọ̀rọ̀ yẹn, àti pé bàbá náà ti gbọ́ ọ títí ó ti sú u.

Rhun ò ju nǹkan bíi kìlómítà 3 lọ ní gígùn, ìbú rẹ̀ ò sì tó kìlómítà 1. Ó wà lára àwọn erékùṣù Banda, ní ẹkùn Maluku, lápá ìlà-oòrùn Indonesia, níbi tí aago ti fi wákàtí 8 ṣáájú ti Nàìjíríà. Ọkọ̀ ńlá láti Ambon, olú-ìlú ẹkùn Maluku, máa gbé yín dé Neira, ọ̀kan nínú àwọn erékùṣù Banda, ẹ ó sì wọ ọkọ̀ kékeré láti ibẹ̀. Ibi tí àwọn tó ń kánjú ti ń kó sí wàhálà nìyí. Láàárín oṣù kẹfà sí ìkẹjọ, atẹ́gùn ìlà-oòrùn máa ń ru òkun sókè. Bí ọdún bá ń parí lọ sí oṣù kejì, ti ìwọ̀-oòrùn á tún gbé tirẹ̀ dé. Ẹni tó bá ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù kúrò ní Ambon sí ọ̀la ọjọ́ tó fẹ́ kúrò ní Rhun ti sọ owó rẹ̀ nù. Ẹ fi ọjọ́ mẹ́ta, mẹ́rin sílẹ̀. Ẹ gbé owó lọ́wọ́ pẹ̀lú, kí ẹ ṣẹ́ ẹ sí wẹ́wẹ́, torí kò sí báńkì ní Rhun. Tó bá sì jẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, ẹ má dúró sí èbúté máa wo ojú ọlọ́kọ̀ nígbà tí wọn ò tíì kírun tán. Mùsùlùmí ni wọ́n.

Ti ìkíni ò yẹ kó nira fún ọmọ Yorùbá, àmọ́ mo ti rí i tó nira fún àwọn tiwa tí wọ́n tọ́ dàgbà ní London. Bí ẹ bá ń kọjá, wọ́n á bi yín pé, "Mau ke mana?", ìyẹn ni pé, níbo lẹ̀ ń lọ? Kì í ṣe pé wọ́n ń tọpinpin yín. Bí ìgbà tí ìyá kan nílé wa rí yín lójú ọ̀nà tó ní, "Ṣé ọjà nù un?" ló ṣe rí. "Jalan-jalan" ni kí ẹ fi dáhùn, pé ẹ kàn ń nasẹ̀, ó ti tó. Ẹni tó bá gbé ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan kọjá lọ, tàbí tó ní kí ló kàn wọ́n, abúlé náà á kéré fún un kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Ẹ pe àgbà obìnrin ní Mama, ẹ pe àgbà ọkùnrin ní Bapa, kí ẹ pe ẹni tó fi díẹ̀ jù yín lọ ní Kaka. Bí àgbàlagbà bá jókòó tí ẹ fẹ́ gba iwájú rẹ̀ kọjá, ẹ tẹ̀ ba díẹ̀, ẹ ní "permisi". Ọwọ́ òsì? Mi ò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé ìyẹn fún Yorùbá.

Ọ̀rọ̀ omi ni mo fẹ́ kí ẹ fetí sí dáadáa. Rhun kò ní odò, kò ní ìsun. Omi òjò tó bá ṣàn láti orí páànù bọ́ sínú táǹkì ni wọ́n fi ń sè, òun náà ni wọ́n fi ń wẹ̀. Nínú balùwẹ̀, ẹ ó rí àmù onísìmẹ́ńtì kan tó kún fún omi, pẹ̀lú abọ́ ìbùmi lórí rẹ̀. Àwọn òyìnbó kan a máa wọ inú rẹ̀ lọ jókòó. Ẹ má rẹ́rìn-ín jù, torí àṣìṣe tiwa ni pé a máa ń ki ọwọ́ tó ní ọṣẹ bọ̀ ọ́, tàbí ká da omi sára bí ẹni pé kànga wà lẹ́yìnkùlé. Mo wẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì ní ọjọ́ àkọ́kọ́ nítorí ooru. Lálẹ́, mo rí ọmọbìnrin ilé náà tó tan tọ́ọ̀ṣì sínú táǹkì, tó ń wò ó títí, tó sì ki igi kan bọ̀ ọ́ láti fi wọn omi tó kù. Kò sẹ́ni tó bá mi wí. Láti ìgbà náà, abọ́ márùn-ún ni mo fi ń wẹ̀.

Wàyí o, nọ́tímẹ́ẹ̀gì, tí wọ́n ń pè ní pala. Òun ló fa ogun ayé àtijọ́ ní Banda, òun náà ni wọ́n ṣì ń tà. Àwọn kan nínú wa máa ń rò pé ariwo tí à ń fi sínú ọbẹ̀ ata ni. Rárá o, òórùn wọn kàn jọra ni, igi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Èso pala pọ́n yẹ́lò, ó máa ń là fúnra rẹ̀ lórí igi, hóró dúdú á sì yọjú nínú rẹ̀, tí nǹkan pupa kan wé mọ́ ọn bí àwọ̀n apẹja. Pupa yẹn ni fuli, ọjà ọ̀tọ̀ ni. Ọ̀pá ọparun gígùn tó ní apẹ̀rẹ̀ kékeré lórí ni wọ́n fi ń já èso náà lábẹ́ òjìji igi kenari tó ga fíofío. Èèpo èso yẹn pàápàá, wọ́n ń fi ṣúgà sè é jẹ.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù níbí ni kí àlejò rí èso nílẹ̀ lábẹ́ igi, kó ṣà á sápò. Igi kọ̀ọ̀kan ló ní olóhun, ohun tó já bọ́ lábẹ́ rẹ̀ tirẹ̀ ni. Èkejì ni ti ẹní tí wọ́n tẹ́ sójú ọ̀nà. Fuli ló wà lórí rẹ̀ tó ń sá oòrùn; pupa rẹ̀ á rọra ṣá títí yóò fi dà bí àwọ̀ ọsàn. Mo gbé ẹsẹ̀ kọjá lórí ẹní kan, torí ó dí ọ̀nà. Ọmọ kékeré kan fà mí láṣọ padà, ó sì fi ìka hàn mí bí mo ṣe lè gba ẹ̀bá ògiri. Hóró pala ní tirẹ̀ máa ń pẹ́ kó tó gbẹ. Ẹ mú ọ̀kan, ẹ mì í létí: bó bá ń dún kóró-kóró nínú èèpo, ó ti gbẹ nìyẹn.

Òkun náà lófin. Ní ọ̀pọ̀ abúlé Maluku, wọ́n máa ń fi sasi de etíkun tàbí oko fún ìgbà kan, ẹnikẹ́ni ò sì ní pa ẹja tàbí já èso níbẹ̀ títí wọ́n á fi tú u. Ẹ bèèrè kí ẹ tó ju ìwọ̀. Bí ẹ bá sì lúwẹ̀ẹ́ tán, ẹ ró aṣọ kí ẹ tó gba àárín abúlé kọjá.

Àṣìṣe kan wà tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ti ka ìwé díẹ̀: "Ta ni ọmọ onílẹ̀ gan-an níbí?" Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílẹ̀. Ní ọdún 1621, Jan Pieterszoon Coen, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ òwò àwọn ará Họ́láńdì, kó ọmọ ogun wá sí Banda, wọ́n bẹ́ àwọn olóyè 44 lórí, wọ́n sì pa èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ará ibẹ̀ tàbí kí wọ́n lé wọn lọ. Ẹrú àti òṣìṣẹ́ tí wọ́n kó láti ibòmíràn wá ni wọ́n fi sínú oko pala lẹ́yìn náà, àwọn mìíràn sì ti ń wá tẹ̀dó látìgbà náà. Àwọn tó sá là lọ sí àwọn erékùṣù Kei, ní abúlé Banda Eli àti Banda Elat, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ èdè Banda títí dòní, nígbà tó ti kú ní Banda fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá ti gbọ́ kí wọ́n kọ orin Lukumí, èdè tó ti inú Yorùbá wá, ní Cuba á mọ bó ṣe ń ṣe èèyàn lára.

Bí ẹ bá fẹ́ ra pala, ẹ rà á nílé tí ẹ sùn, kí ẹ má nájà á bí ẹni tó wà ní Dùgbẹ̀. Kí ẹ sì kó gbogbo ike omi tí ẹ gbé wá padà sínú ọkọ̀, torí ọkọ̀ tó ń kó ìdọ̀tí ò sí níbẹ̀. Mama tó gbà mí sílé wo àpò ike òfìfo tí mo gbé lọ́wọ́ láàárọ̀ ọjọ́ tí mo ń lọ, ó yọ mẹ́ta nínú rẹ̀, ó fi omi ṣàn wọ́n, ó sì bu hóró pala kún ọ̀kan fún mi. Ó ní òun ní nǹkan tí òun máa rọ sínú méjì tó kù.