Ṣíngọ́ọ̀mù Kì í Tún Ẹnu Tó Wọ́ Ṣe

Òkun o, ẹ̀yin ará ilé. Láti oṣù tó kọjá ni inú ti ń bí mi, mo wá ní kí n kúkú bí i sórí ìwé kí n má baà bí i lé aláìsàn lórí. Iṣẹ́ físíò, ìyẹn fífi ìdárayá tọ́jú ara, ni mo ń ṣe ní Kàbà. Ẹnu, ahọ́n àti ojú ló sì pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń gbé wá bá mi: ẹni tó jí láàárọ̀ tí ẹnu ẹ̀ ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹni tí rọpárọsẹ̀ kọlù, ọmọ tó ń ya ẹnu sùn. Owó tí wọ́n ti ná dànù kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ mi ló ń dùn mí. Ẹ ti mọ̀ pé ìdárayá ojú wà, n kò ní tún ìyẹn sọ. Ohun tí ẹ ń ṣe tí kò dáa ni mo fẹ́ kà.

1. Kí ẹ jókòó sílé máa wò ó. Ojú tó ṣàdédé wọ́, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀, torí rọpárọsẹ̀ lè wà nídìí ẹ̀. Bí kì í bá ṣe ìyẹn, tó jẹ́ èyí tí àwọn dókítà ń pè ní Bell's palsy, ìyẹn àìsàn iṣan ojú, oògùn prednisolone tí wọ́n máa ń kọ fún un, láàárín wákàtí 72 àkọ́kọ́ ni wọ́n fẹ́ kó bẹ̀rẹ̀. Ìyá kan ti Bùnú wá bá mi ní ọjọ́ kẹsàn-án. Wọ́n ti sín gbẹ́rẹ́ 7 sí wọn lẹ́rẹ̀kẹ́, wọ́n ti fi ìpara gbígbóná ra á títí awọ fi bó. Awọ ni mo kọ́kọ́ tọ́jú.

2. Ṣíngọ́ọ̀mù. Ẹ jẹ́ kí n fìdí jókòó dáadáa. Ta ló kọ́ gbogbo wa ní èyí? Ẹni tó wá láti Ìyàrà ń jẹ ṣíngọ́ọ̀mù, ẹni tó wá láti Ìsánlú ń jẹ ṣíngọ́ọ̀mù, bí mo bá sì béèrè, wọ́n á ní "ẹnìkan" ló ní kí àwọn máa jẹ ẹ́ kí ẹnu lè padà sípò. Ẹ gbọ́ o: ẹran tí a fi ń jẹun àti ẹran tí a fi ń rẹ́rìn-ín, ọ̀gá wọn ò dọ́gba. Iṣan keje nínú àwọn tó ti inú ọpọlọ jáde ló ń darí ẹ̀rín, ojú dídì àti ètè sísù. Iṣan karùn-ún ló ń darí oúnjẹ rírún. Keje ló ṣàìsàn. Karùn-ún ń gbádùn ara ẹ̀. Bí ẹ bá ń jẹ ṣíngọ́ọ̀mù láti àárọ̀ dalẹ́, ewúrẹ́ aládùúgbò lẹ ń fún lágbàdo, ebi sì ń pa tiyín lọ.

Bí ẹ bá rò pé irọ́ ni mò ń pa, ẹ fi ìka lé ẹ̀bátí yín báyìí, kẹ́ ẹ gé eyín pọ̀. Ohun tó gbéra lábẹ́ ìka yín yẹn, ẹran ìjẹun ni. Ẹ wá tú eyín sílẹ̀, kẹ́ ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ṣé ó gbéra? Ọmọkùnrin kan tiẹ̀ kọjá ṣíngọ́ọ̀mù, ó ra bọ́ọ̀lù rọ́bà kan lórí fóònù, èyí tí wọ́n máa ń gé lẹ́yín. ₦18,000! Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ le bíi ti ẹni tó ń fọ́ egungun jẹ, ẹnu ṣì wọ́ síbẹ̀.

3. Fífi ipá ṣe é. Èmi gan-an ni mo dá ẹ̀ṣẹ̀ yìí. Ní ọdún tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo sọ fún bàbá tíṣà kan láti Mọ̀pà pé kí wọ́n máa fi gbogbo agbára fẹyín, ìgbà 100 láàárọ̀, ìgbà 100 lálẹ́. Tíṣà ni wọ́n, wọ́n sọ ọ́ di 200. Nígbà tí wọ́n padà wá lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ẹnu ti ń rìn lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti rẹ́rìn-ín báyìí, ojú ẹ̀gbẹ́ yẹn á dì pa. Iṣan tó ń hù padà lè ṣìnà, èyí tó yẹ kó lọ sí ètè á yà sí ojú. Ó lè ṣe ẹni tí kò ṣe ìdárayá kankan, ṣùgbọ́n ipá tí mo ní kí wọ́n lò ń tẹ ọ̀nà òdì yẹn kó dán ni. Bàbá wá ń ṣẹ́jú sí gbogbo obìnrin tó bá kí wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀kan ti fẹjọ́ sun pásítọ̀. Ó gbà wá tó ọdún kan ká tó rọ̀ ọ́ lójú, mi ò sì lè gba owó lọ́wọ́ wọn.

Jígí lẹ nílò. Ẹ fi ìka méjì di ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó dáa mú kó má baà fa ìkejì lọ, kẹ́ ẹ gbé igun ẹnu tó wọ́ sókè díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí ẹ̀rín fẹ́ pa níbi ìsìnkú. Ẹ ka 5, ẹ tú u jẹ́jẹ́. Bí ojú bá ń pa pọ̀ mọ́ ọn, ẹ ti lágbára jù, ẹ dín in kù.

4. Ẹ̀rọ tó ń ta iná mọ́ ojú: ẹ má rà á fún Bell's palsy, kò sí ẹ̀rí tó dájú pé ó ń wò ó. Mo ní ọ̀kan. Owó alájẹṣẹ́kù ni mo yá rà á, abẹ́ tábìlì ló wà, mo ń gbé ẹsẹ̀ lé e.

Ojú ńkọ́? Gbogbo yín ń wo ẹnu, ojú tí kò lè dì ń gbẹ, ọyẹ́ àti eruku sì ń wọ̀ ọ́. Ẹyinjú lè fọ́ pátápátá. Oògùn tó ń rin ojú lọ́sàn-án, ìpara ojú lálẹ́, kí ẹ sì rọra lẹ ìpéǹpéjú pa kẹ́ ẹ tó sùn. Ẹ má rọ omi ọmú sí i.

Ẹni tí rọpárọsẹ̀ kọlù tó ń wúkọ́ bó bá mu omi: ẹ má fi omi dán ọ̀fun ẹ̀ wò, inú ẹ̀dọ̀fóró ló ń lọ.

Ọmọ tó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀: kẹ́ ẹ tó gé nǹkan kan lábẹ́ ahọ́n ẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ etí ẹ̀ wò.

Ìkẹjọ, àbí ìkẹsàn-án, ti ọmọ tó ń ya ẹnu. Ẹ ń ní kí n kọ́ ọ bó ṣe máa pa ẹnu dé, imú ẹ̀ sì dí! Dókítà etí, imú àti ọ̀fun ni kó kọ́kọ́ rí, torí ẹran ẹ̀yìn imú lè ti wú. Ẹ má fi téèpù lẹ ẹnu ọmọ pa láé. Bí imú bá ti là, ẹ ní kó fẹ́ pe "Lọ́kọ́jà" kó má parí ẹ̀. Ibi tí ṣóńṣó ahọ́n fara kàn lẹ́yìn eyín òkè nígbà tó bẹ̀rẹ̀ "L" yẹn, ibẹ̀ ni kí ahọ́n máa sinmi sí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi ìdárayá ahọ́n tọ́jú híhan oorun, ẹ máa ń fi í sílẹ̀ lọ́sẹ̀ kejì. Nínú ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Brasil, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2009, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójúmọ́ fún oṣù 3 ni àwọn tí èémí wọn ń dá lójú oorun fi ṣe ìdárayá ahọ́n àti ọ̀fun kó tó dín kù. Oṣù mẹ́ta, ẹ̀yin tiyín ọjọ́ mẹ́ta.

Ẹnìkan ti ń kan ilẹ̀kùn. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń ta pàú pàú lẹ́nu.