Wo ibi tí idẹ ti sán kó o tó sọ ọ́ nù: àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nínú yíyí èèpo ọta padà

Ní ọdún tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí nínú gáráàjì mi ní Texas, mo mú 20 èèpo .30-06, irú ọta ìbọn ọdẹ kan, mo fẹ́ fẹ ọrùn wọn kí wọ́n lè gba ọta .35 Whelen, tó nípọn jù ú lọ. Èèpo ni ago idẹ tó ń gba ẹ̀tù; ọrùn rẹ̀ ló ń di orí ọta mú, èjìká sì ni ibi tó ti ń ṣóńṣó lọ sí ọrùn. 16 ló sán mọ́ mi lọ́wọ́. Mo dà wọ́n sí garawa ìdọ̀tí, mo bú ẹni tó ṣe idẹ náà, mo sì lọ ra òmíràn. Àwọn yẹn náà sán. Kò sí àṣìṣe tó tó kéèyàn sọ èèpo nù láìwò ó, nítorí ibi tó ti sán ni yóò sọ ohun tó pa á.

Wildcat ni àwọn ọdẹ Amẹ́ríkà ń pe ọta tí ilé iṣẹ́ kankan kì í ṣe fún títà. Ẹnì kan ló mú èèpo tó wà lọ́jà, ó fẹ ọrùn rẹ̀ tàbí ó fún un pọ̀, ó yí èjìká rẹ̀ padà, ó sì ní kí wọ́n gbẹ́ ìbọn tó bá a mu. Bí .35 Whelen ṣe wà nìyẹn láti 1922 títí ilé iṣẹ́ Remington fi gbé e jáde fún títà ní 1988. Òfin gbà wá láàyè níbí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Nàìjíríà, ẹ má dán an wò o, òfin ilé kò fi ọta ṣíṣe lé aládàáni lọ́wọ́.

Bí ìlà tó sán bá wà ní ẹnu ọrùn, tó sì sọ̀ kalẹ̀ tààrà, idẹ ti le jù ni. Bàbà 70 nínú ọgọ́rùn-ún àti síǹkì 30 ni wọ́n fi ń ṣe é, gbogbo ìgbà tí a bá sì fún un, tí a fẹ̀ ẹ́, tàbí tí a yìn ín, líle ló ń le sí i. Èèpo tèmi ti la ìbọn kọjá bí ìgbà márùn-ún kí n tó rà á. Mo sì fi irin kan ṣoṣo fẹ̀ ẹ́ láti 0.308 ínṣì sí 0.358 lẹ́ẹ̀kan náà. Irin tó ṣóńṣó lẹ́nu tó sì ń fẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ló yẹ, pẹ̀lú gírísì nínú ọrùn, kí ọrùn náà sì ti rí iná, tó ń mú idẹ rọ̀, kí irin tó kàn án. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń dúró kó sán kí wọ́n tó rántí iná. Iná ò lè so ohun tó ti ya pọ̀.

Ọ̀rọ̀ iná yìí gan-an la ti ń ṣìṣe jù. Àwọn kan á máa sun èèpo títí á fi pọ́n yòò. Ìyẹn ti rọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, kò ní lè di ọta mú mọ́. Nǹkan bí 750 nínú ìwọ̀n Fahrenheit, ìyẹn 400 nínú ti Celsius, fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ti tó, ọ̀dà sì wà lọ́jà tó máa ń yọ́ tó bá ti kan ìwọ̀n yẹn. Èmi máa ń fi ìka di ìdí èèpo mú, mo ń yí i níwájú iná gáàsì. Bó bá ti ń jó mi, ó tó, mo sọ ọ́ sómi. Ìdí kò gbọdọ̀ rọ̀ rárá. Òun ló ń dá agbára ẹ̀tù dúró kó má baà padà wá sójú ẹni tó ń yìnbọn.

Àwa tá a dàgbà nítòsí ilé agbẹ̀dẹ sì tún ní àṣìṣe tiwa: a rò pé omi yóò mú idẹ le bó ṣe ń mú irin le. Kò rí bẹ́ẹ̀. Omi kàn ń dá ooru dúró kó má baà rìn dé ìdí ni.

Èèpo mìíràn wà tí yóò sán níbi tó jókòó sí, láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Ọta àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ní Íńdíà ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Wọ́n kó o pamọ́ sí ilé ẹṣin ní ìgbà òjò, idẹ sì ń ya lẹ́nu. Ọdún 1921 ni wọ́n tó ṣàlàyé rẹ̀ yékéyéké: amóníà láti inú ìtọ̀ ẹṣin ló ń jẹ idẹ tó ti le. Nítorí náà, má fi oje ìdán idẹ tó ní amóníà nínú nu èèpo, bó ti wù kó dán tó.

Bó bá sán ní èjìká nígbà àkọ́kọ́ tó o yìn ín nínú ìbọn Ackley, ìyẹn ìbọn tí wọ́n gbẹ́ kí èjìká èèpo lè dagun ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ọ̀rọ̀ iná náà ló sábà máa ń jẹ́. Èjìká tó dagun ní ìwọ̀n 40 tí ìbọn yẹn ní ń na idẹ gan-an.

Ṣùgbọ́n bí o bá rí ìlà tó ń dán yí èèpo ká, díẹ̀ sókè ìdí, kì í ṣe pé idẹ le. Èjìká kò kan ibi tó yẹ kó kàn nínú ìbọn, àlàfo wà láàárín wọn, èèpo sì ń nà láti ìdí. Àwọn tó ń fi .30-06 ṣe .280 Ackley, tí ọrùn rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ jù ú lọ, máa ń kó sí i, nítorí èjìká .280 wà ní iwájú ti .30-06 ní 0.05 ínṣì. Bí o bá kàn fún ọrùn pọ̀, èèpo náà kúrú fún ìbọn rẹ. Kọ́kọ́ fẹ ọrùn náà jù, kó o wá máa fún un díẹ̀díẹ̀ títí ìbọn yóò fi pa dé pẹ̀lú agbára díẹ̀. Fún èyí tó o ti yìn, tẹ orí píìnì ìwé, fi ha inú èèpo náà láti ìdí sókè; bó bá há níbì kan bíi pé kòtò wà, má tún un lò. Bí gbogbo wọn bá rí bẹ́ẹ̀, gbé ìbọn náà lọ fún ẹni tó gbẹ́ ẹ kó tún un wọ̀n. Má yìn ín títí tí yóò fi fún ẹ lésì.