Oúnjẹ Màlúù Oníwàrà: Ẹ Wo Ṣàkì Rẹ̀ Kí Ẹ Tó Bọ́ Ọ

Gbogbo wa la mọ ṣàkì nínú ọbẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣàkì ọmọ màlúù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí kéré, kò sì tíì mọ iṣẹ́ kankan. Nínú apá mẹ́rin tí ikùn màlúù pín sí, ìkẹrin, èyí tó jọ ti èèyàn, nìkan ló ń dá oúnjẹ nígbà náà. Wàrà nìkan ló sì lè tọ́jú.

Wàrà àkọ́fún, èyí tó ki tó sì pọ́n bí òróró, ni kí ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ mu, kó má kọjá wákàtí 6. Tó bá fi máa di ọjọ́ kejì, ìfun rẹ̀ ti pa ọ̀nà tí ààbò inú wàrà yẹn ń gbà wọ ẹ̀jẹ̀. Ọmọ màlúù tó wọn kílò 25 nílò bíi lítà 2 ààbọ̀ wàrà lóòjọ́. Ẹni tó bá fún gbogbo rẹ̀ tà, màlúù ọ̀la ló ń tà yẹn.

Bó bá ń fa ọmú, ọ̀nà kan máa ń ká ara rẹ̀ jọ bíi gọ́tà, wàrà á gba ibẹ̀ yẹ ṣàkì sílẹ̀. Ẹ má da wàrà sí i lọ́fun tipátipá: inú ṣàkì ló máa bọ́ sí, á sì kan síbẹ̀. Ẹ tún gbé omi mímu sí i lọ́tọ̀.

Láti ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ máa fi àgbàdo àti sóyà sísun tí ẹ lọ̀ tọ́ ọ lẹ́nu wò. Irun wúruwùru tí ẹ máa ń họ lára ṣàkì, òun ló ń fa agbára oúnjẹ. Irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ ló ń mú kó hù. Koríko nìkan kì í tètè ṣe é. Nítorí náà, bó ṣe ń jẹun ni kí ẹ wò kí ẹ tó já a lẹ́nu ọmú, kì í ṣe oṣù nìkan.

Màlúù tó ti dàgbà máa ń jẹ àpọ̀jẹ fún bíi wákàtí 6 sí 8 lóòjọ́. Itọ́ tó ń gbé mì nígbà náà ń ṣe bíi káún, ó ń pa kíkan inú ṣàkì. Èèpo ẹ̀gẹ́ láìsí koríko kò ní jẹ́ kó jẹ àpọ̀jẹ tó. Ẹ sá èèpo náà kó gbẹ dáadáa, nítorí oró wà nínú tútù. Èyí tó bá bu, ẹ dà á nù. Ẹ má sì pààrọ̀ oúnjẹ lójijì: ó tó ọ̀sẹ̀ méjì kó tó mọ́ ṣàkì lára.

Abo tó wọn kílò 300 lè jẹ koríko tútù kílò 30 sí 40 lóòjọ́. Bí oyún bá ti ga, ọmọ á fún ṣàkì mọ́lẹ̀, ìjẹun á dínkù. Ẹ máa fún un díẹ̀díẹ̀ lẹ́ẹ̀mélòó kan. Lẹ́yìn ìbí, wàrà máa ń pọ̀ kí ìjẹun tó bá a, ó sì máa ń rù. Ìgbà yẹn gan-an ni kí oúnjẹ tó dára jù lọ dé iwájú rẹ̀, pẹ̀lú omi: bíi lítà 3 sí 4 fún lítà wàrà kan.

Ẹ gbé ìkúùkù lé kòtò ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀, lẹ́yìn egungun ìhà tó kẹ́yìn. Láàárín ìṣẹ́jú 2, ó yẹ kí ṣàkì ti ọwọ́ yín bíi ẹ̀ẹ̀mẹta. Bí ibẹ̀ bá wú, tó ń dún bí ìlù, ẹ pe dókítà ẹran lójú ẹsẹ̀.