Radar detector fún spọ́ọ̀sì kà: ẹ ra èyí tó mọ ìgbà tó yẹ kó dákẹ́

Ọ̀sán Sátidé kan báyìí ni àbúrò kan wa Mustang wọ ṣọ́ọ̀bù mi ní Ajilosun, tòkunbọ̀ ni, ó pupa fòò, ọlọ́kadà kan fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ gọ́tà níbi tó ti ń wò ó. Kí n tó kí i káàbọ̀ mo ti ń gbọ́ nǹkan kan tó ń ké pì-pì-pì-pì nínú mọ́tò náà. Ó ní "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi wò ó, láti Ìkẹ́rẹ́ ló ti ń pariwo báyìí, mi ò sì rí Road Safety kankan lọ́nà." Radar detector ni, ẹ̀rọ tó ń ké fún dírẹ́bà bó bá gbọ́ ìbọn radar tí wọ́n fi ń ka eré mọ́tò. Mo wo ojú ẹ̀rọ náà, lẹ́tà K ló kọ síbẹ̀. Mo wo iwájú, jíìpù ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin ló wà níbẹ̀, àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ti Àkúrẹ́ bọ̀, jíìpù níwájú, Mustang lẹ́yìn. Mo ní kí sisí bá mi pa jíìpù ná. Bó ṣe pa á báyìí, ariwo lọ wọ̀ọ̀.

Ẹ̀rọ yẹn ò bàjẹ́ o. Àwọn jíìpù tuntun ní nǹkan kan nínú bọ́ńpà ẹ̀yìn tó máa ń wo ẹ̀gbẹ́ fún dírẹ́bà, blind-spot ni wọ́n ń pè é, ìgbì kan náà tí ìbọn radar àwọn ọlọ́pàá kan ń lò ni púpọ̀ nínú wọn ń yọ, detector bọ̀dá yìí ò sì mọ ìyàtọ̀. Bó bá jẹ́ ajá ni, irú èyí tó ń gbó olówó ẹ̀, tó ń gbó àna, tó ń gbó ewúrẹ́ ni, ọjọ́ tí olè bá wá dé gan-an kò sẹ́ni tó máa dìde wò ó. Iṣẹ́ rìwáyà ni mò ń ṣe, mo ti fi ẹ̀rọ yìí sínú mọ́tò bíi mélòó kan, ohun tí mo sì máa ń sọ fún ẹni tó bá fẹ́ rà á nìyí: ẹ má kọ́kọ́ bi ọlọ́jà pé báwo ló ṣe ń gbọ́ jìnnà tó, ẹ bi í pé ṣé ó mọ̀ ọ́n dákẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́, torí ẹni tí kò bá mọ ìyẹn, ohun tí wọ́n kọ sára páálí ni wọ́n máa fi tàn án. Ìbọn radar ń yọ ìgbì rédíò, ìgbì yẹn á lọ lu ara mọ́tò, á padà wá, bó bá sì ti padà, ohùn ẹ̀ á ti yí díẹ̀ torí pé mọ́tò ń sáré, bí ohùn ambulance ṣe máa ń rí lọ́tọ̀ bó bá ń bọ̀ àti lọ́tọ̀ bó bá ti kọjá wa. Ìyípadà yẹn ni ìbọn fi ń ṣírò eré tẹ́ ẹ ń sá. Detector ní tiẹ̀ kì í mọ̀ọ́mọ̀ yọ ìgbì sí ẹnikẹ́ni, etí lásán ni. Ìbọn ń dúró de àlọ àti àbọ̀, detector ò nílò ju àlọ lọ, ìdí nìyẹn tó fi lè gbọ́ ìbọn níbi tí ìbọn ò tíì lè ka eré yín.

Àmọ́ àwa tá a wà l'Ékìtì, ẹ fetí sí èyí dáadáa. Ìgbì radar kì í gun òkè, ọ̀nà tààrà ló ń tọ̀. Páálí lè kọ máìlì méjì máìlì mẹ́ta, orí ilẹ̀ tó tẹ́ bí ẹní lèèyàn ti ń rí irú ìyẹn. Ẹ wá gbé e gba Adó sí Ìyìn, Ìgèdè, Aramọkọ, títí dé Ẹ̀fọ̀n àti Itawure, níbi tí òkè ń tẹ̀ lé òkè tí kọ́nà sì ń tẹ̀ lé kọ́nà, bí ẹni tó mú ìbọn dání bá dúró sí ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn òkè, ìgbà tẹ́ ẹ bá yọrí lókè gan-an ni detector tó máa gbọ́, ìgbà yẹn náà sì ni ìbọn rí yín. Olówó ńlá ò, olówó kékeré ò, kò sí èyí tó máa gbọ́ gba inú àpáta. Nítorí náà tó bá jẹ́ tìtorí pé ó ń gbọ́ jìnnà lẹ fẹ́ fi san owó ilẹ̀ lé e, ẹ lọ sinmi.

Ó yá, ẹ wo lẹ́tà tó máa ń jáde lójú ẹ̀, oríṣi ìgbì tó gbọ́ ni lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ń sọ. X wà ní 10.525 GHz, ti àtijọ́ nìyẹn, ilẹ̀kùn ilé ìtajà ńlá tó ń ṣí fúnra ẹ̀ ló kù tó ń lò ó jù, bí menu bá gbà, ẹ pa á. K wà ní nǹkan bíi 24 GHz, ibẹ̀ ni wàhálà pọ̀ sí, ìbọn wà níbẹ̀, blind-spot wà níbẹ̀, ilẹ̀kùn náà tún wà níbẹ̀. Ẹ má pa K pátápátá o, fíltà ẹ̀ ni kẹ́ ẹ tàn, ìyẹn ohun tó ń jẹ́ kó dákẹ́ sí ìgbì tí kì í ṣe ti ìbọn. Ka bẹ̀rẹ̀ láti 33.4 lọ dé 36 GHz, èyí ni ọlọ́pàá Amẹ́ríkà ń lò jù, tó bá ti ké Ka, ẹ gbà á gbọ́, kì í sábà parọ́.

Laser wá yàtọ̀ pátápátá, iná tí ojú wa ò lè rí ni, kì í ṣe rédíò, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́ gan-an: bí ẹni tó mú un dání bá jìnnà sí yín ní mítà 300, bí iná yẹn ṣe fẹ̀ tó lára mọ́tò yín kò ju nǹkan bíi mítà kan lọ. Tí detector bá ké "laser", wọ́n ti kà yín tán nìyẹn, ó kàn ń kí yín kú ewu ni. Èyí tó tún burú díẹ̀ ni ọlọ́pàá tó mọṣẹ́, tí kì í jẹ́ kí radar ẹ̀ ṣiṣẹ́ títí mọ́tò á fi dé tòsí, á wá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Kìkì bó bá tẹ̀ ẹ́ sí ẹlòmíì tó wà níwájú yín lẹ fi lè gbọ́ fìrí ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá ń ta èyí tó ní ó lè gba gbogbo ìyẹn sílẹ̀, tàbí tó ní tòun máa ń da ìbọn lójú rú, ẹ sá fún un, jammer nìyẹn, ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ka jammer radar léèwọ̀, púpọ̀ nínú èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà ò sì ṣe nǹkankan ju pé kó máa tan iná.

Kí lẹ wá fẹ́ sanwó fún? Fíltà blind-spot lákọ̀ọ́kọ́, ẹ má ra èyí tó ti pẹ́ jù, torí ìgbà tí wọ́n ṣe àwọn yẹn, mọ́tò tó ní blind-spot ò tíì pọ̀ lóde, kò sẹ́ni tó kọ́ wọn ní ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà GPS, tó ń mọ ibi tí mọ́tò wà, òun ló ń jẹ́ kí ẹ̀rọ rántí pé ilẹ̀kùn báǹkì tẹ́ ẹ ń gbà kọjá lójoojúmọ́ kì í ṣe ìbọn, kó sì dákẹ́ bẹ́ ẹ bá ń rọra lọ nínú hóò-hàà ọjà. Ẹ̀kẹta ni arrow, àmì tó ń sọ bóyá iwájú ni àbí ẹ̀yìn. Detector tó ń jẹ́ Valentine One ló ti ń gbé arrow jáde láti 1992, Uniden R7 àti R8 náà ní in, R3 ò ní, ó sì rẹlẹ̀ lówó ju àwọn yẹn lọ. Nínú jíìpù mo lè ní kẹ́ ẹ fi arrow sílẹ̀, àmọ́ spọ́ọ̀sì kà nílẹ̀ ló ń rìn, gíláàsì ẹ̀yìn ẹ̀ dà bí ojú fèrèsé ilé ìwẹ̀, ẹ ò lè rí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn dáadáa, èmi á san owó arrow.

Tó bá jẹ́ tòkunbọ̀ lẹ fẹ́ rà lọ́wọ́ ẹnìkan, ẹ má kàn wò ó pé ó tan iná. Ẹ gbé e dání lọ síwájú ilẹ̀kùn tó ń ṣí fúnra ẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ tẹ̀ lé jíìpù tó ní blind-spot, ẹ pa fíltà, ó gbọ́dọ̀ ké. Ẹ wá tan fíltà, ó gbọ́dọ̀ dín ariwo kù. Èyí tí kò bá ké rárá, adití ni.

Ọ̀rọ̀ bẹ́ ẹ ṣe máa so ó mọ́ mọ́tò ló jẹ mí lógún jù, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ tèmi wà. Gíláàsì iwájú spọ́ọ̀sì kà dà sẹ́yìn púpọ̀, ẹsẹ̀ tí wọ́n fi ń lẹ detector mọ́ gíláàsì lè kúrú jù tàbí kó gùn jù, ẹ wọ̀n ọ́n kẹ́ ẹ tó sanwó. Òkè gíláàsì lábẹ́ dígí tẹ́ ẹ fi ń wo ẹ̀yìn ni mo máa ń fi í sí, kó lè ríran kọjá bọ́ńpà mọ́tò iwájú, kí ojú ẹ̀ sì wo iwájú gbọọrọ, kì í ṣe ojú ọ̀run. Ẹ yẹra fún àwọn tó-tò-tó dúdú etí gíláàsì, ó máa ń dí laser lójú. Gíláàsì tí wọ́n fi nǹkan bí irin tín-ín-rín kùn nítorí oòrùn máa ń dí radar pàápàá, bẹ́ẹ̀ náà ni tíńtì tó ní irin nínú, mọ́tò míì á sì ti fi ojú kékeré kan sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ dígí fún irú nǹkan báyìí, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ wá. Oòrùn oṣù kẹta níbí máa ń yọ rọ́bà tó fi ń lẹ̀, ẹ̀rọ á já bọ́ sórí gíà nígbà tẹ́ ẹ ò retí, ẹ fi omi gbígbóná fọ rọ́bà náà, ó máa ń padà lẹ̀. Ariwo sàléǹsà Mustang náà wà níbẹ̀ o, ẹ gbọ́ bí detector ṣe ń dún kẹ́ ẹ tó rà á, èyí tó ń ké bí òròmọdìyẹ ò wúlò fún yín.

Wáyà wá ńkọ́. Ẹ má fi í kọ́ sílẹ̀ láti orí gíláàsì dé ihò sìgá bí okùn ìsáṣọ. Ẹ wá ibi tí fíúsì wà, ẹ fi tẹ́sítà wá fíúsì tó jẹ́ pé bẹ́ ẹ bá ṣí kọ́kọ́rọ́ ló máa ń ní iná, bẹ́ ẹ bá pa á kó kú. Ẹ gba iná níbẹ̀, fíúsì kékeré amp 2 tó fún un, wáyà dúdú lọ sí bóòtù tó kan irin ara mọ́tò. Ẹ rọra ki wáyà sínú etí aṣọ òrùlé, ẹ gbà á wálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, bí airbag bá wà níbẹ̀, ẹ̀yìn airbag ni wáyà máa gbà, ẹ má jẹ́ kó gba iwájú ẹ̀ láé. Mo ti ṣe àṣìṣe rí, fíúsì tó máa ń ní iná ní gbogbo ìgbà ni mo gbà á lára, oníbàárà gbé mọ́tò sílẹ̀ lọ sí Èkó fún ọjọ́ mélòó kan, bó ṣe dé, bátìrì ti kú fin-ín, àárọ̀ Sunday ló pè mí, kò kí mi o, ó kàn ní "Ṣé ẹ rí nǹkan tẹ́ ẹ ṣe?"

Kẹ́ ẹ tó rà á fún ará yín tó wà lókè òkun, ẹ bi í níbi tó ń gbé àti ibi tó ń gbà kọjá. Ní Maryland wọn ò fòfin dè é, àmọ́ tó bá sọdá sí Virginia tàbí Washington DC, ó ti di ẹ̀ṣẹ̀, bẹ́ẹ̀ ojoojúmọ́ làwọn èèyàn wa ń sọdá níbẹ̀ lọ síbi iṣẹ́. Ontario ní Kánádà náà kà á léèwọ̀, Faransé àti Jámánì bákan náà. Ẹ̀rọ kan wà lọ́wọ́ ọlọ́pàá tó ń gbọ́ detector fúnra ẹ̀, torí etí yẹn náà máa ń jò ìgbì díẹ̀ síta, nítorí náà "mo tọ́jú ẹ̀ sínú àpò" kì í gba èèyàn. Ẹni tó wà ní ìlú òyìnbó UK lè lò ó, ṣùgbọ́n àwọn kámẹ́rà tó ń ka nọ́ńbà mọ́tò níbí, tó tún kà á lọ́hùn-ún, tó wá fi àkókò tó wà láàárín méjèèjì ṣírò eré, kì í ṣe radar ni, detector ò ní gbọ́ nǹkan kan.

Nílé níbí, eré kìlómítà 50 ní wákàtí kan ni òfin gbà nínú ìlú fún mọ́tò aládàáni, 80 lójú ọ̀nà, 100 ní márosẹ̀, àwọn Road Safety sì ń gbé ìbọn radar jáde. Ẹ mọ̀ pé kò sí ibi tí Mustang ti lè sá 150 láàárín Adó sí Ìkẹ́rẹ́ láìjẹ́ pé kòtò gba táyà ẹ̀.

Bọ̀dá Mustang yẹn, mo pa X, mo tan fíltà K, mo gbé e kúrò lẹ́yìn àwọn tó-tò-tó dúdú níbi tó lẹ̀ ẹ́ mọ́. Mo ní kí sisí tan jíìpù padà kó sún díẹ̀. Ó ké pì lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́. Inú ẹ̀ dùn, ó sanwó, ó ti jókòó tán kó tó yọrí síta padà pé "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ lè tò ó kó máa ké bí màlúù bá wà lẹ́yìn kọ́nà?" Mo ní ìyẹn ò sí nínú menu.